Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́: ṣé kí ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì gbà á?

#1 ÌyáAláṣọ_Gbági

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń fa awuyewuye nílé wa, mo sì mọ̀ pé lọ́yà àti olùkọ́ wà níbí, ni mo ṣe gbé e wá.

Ọmọbìnrin mi rí ààyè wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Inú wa dùn títí dìgbà tá a rí ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò síbi tí wọ́n kọ "owó ẹ̀kọ́" sí nínú rẹ̀ rárá, àmọ́ owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó yàrá àyẹ̀wò wà, owó íntánẹ́ẹ̀tì wà, owó ìlera, owó ìdánwò, owó ìdàgbàsókè. Nígbà tá a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, bàbá rẹ̀ kàn dìde, ó jáde síta. Ọjà náà ò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó ń ra léèsì fún odindi ẹbí tẹ́lẹ̀ ti ń ra ti ara rẹ̀ nìkan.

Ọmọ ní kí òun lọ gba ẹ̀yáwó ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní ọmọ òun ò ní fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé òfin ní kéèyàn mú òṣìṣẹ́ ìjọba méjì tó wà ní ìpele kejìlá wá ṣe oníduùró, pé bí ọmọ ò bá sì rí i san, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Kí gan-an ni òfin sọ? Ta ló ń san án, ìgbà wo ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í san? Bí iṣẹ́ ò bá sí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ àhesọ, ó tó gẹ́ẹ́.

#2 Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú oríire ọmọ. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́, òfin àtijọ́ ló ń sọ. Òfin méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ń kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ òbí.

Òfin àkọ́kọ́ ni Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Femi Gbajabiamila, abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ló gbé àbá rẹ̀ wá. Òfin yẹn le ju ojú ẹja lọ. Bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ọmọ wọn ò lè gbà á. Oníduùró méjì ṣe pàtàkì: òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rẹlẹ̀ sí ìpele 12, tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́, àti irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí bàbá tàbí ìyá bá ti yá owó rí tí kò san án, ọmọ ti pàdánù nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì san tirẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san owó ìtanràn ₦500,000. Ẹ bá mi rò ó wò. Ìdílé tí owó wọn ò tó ₦42,000 lóṣù, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí lọ́yà àgbà tó máa ti orúkọ ara rẹ̀ bọ̀wé fún wọn? Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gba kọ́bọ̀ lábẹ́ òfin yẹn kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n pa á rẹ́ tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí ló dá NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, sílẹ̀. Wọ́n yọ òdiwọ̀n owó ìdílé kúrò, wọ́n yọ oníduùró kúrò, wọn ò sì fi gbèsè òbí dí ọmọ lọ́nà mọ́. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí akáǹtì ilé-ìwé, ọmọ ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìjọba tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú owó oṣù rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ á máa yọ. Bí kò bá tíì ríṣẹ́, yóò búra nílé ẹjọ́ pé òun ò tíì rí owó gbà níbì kankan, yóò fi ìwé ìbúra náà ránṣẹ́, wọ́n á sì sún ìgbà náà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ṣì wà nínú òfin tuntun, ó tó ọdún mẹ́ta, àmọ́ ẹni tó bá parọ́ ló wà fún. Kò sí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Bí ẹni tó yá owó bá sì kú, gbèsè náà bá a lọ, wọn ò ní wá a wá sọ́dọ̀ yín.

#3 Akínkanjú_Ẹ̀gbá

Lọ́yà, ẹ ṣeun, àmọ́ èmi wà lẹ́yìn bàbá ọmọ yìí. Láyé àwọn baba ńlá wa, bí gbèsè bá wọ bàbá lọ́rùn, ọmọ ni wọ́n á fi ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ á máa ro oko olówó, ọdún á máa gorí ọdún, owó tí bàbá yá á sì dúró síbi tó wà. A dúpẹ́ pé a kúrò nídìí ìyẹn. Ẹ tún wá fẹ́ ká mú ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ká ní kó tọwọ́ bọ̀wé gbèsè tó máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà àbájáde.

Iṣẹ́ wo ló wà níta? Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó gboyè, ọ̀kadà ló ń gùn ní Lafẹ́nwá báyìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ó ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú u. Ẹ má sì gbàgbé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ní ọdún 2022, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá ni àwọn ọmọ fi jókòó sílé. Ọmọ tó bá ń gba owó ìtọ́jú tí ẹ̀yáwó yìí ń fún wọn lóṣooṣù nírú àkókò bẹ́ẹ̀, gbèsè ń ga, ìwé ò lọ síwájú.

Ojúṣe ìjọba ni láti tọ́jú yunifásítì. Kí wọ́n gbé ojúṣe wọn, kí wọ́n má gbé e lé ọmọ lórí.

#4 ỌmọFásitì_300L

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tó gbà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní tiwa.

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ọmọ yín ní káfẹ́ tàbí lórí WhatsApp. Nǹkan tí wọ́n ń béèrè ni NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé-ìwé àti nọ́ńbà akáǹtì. Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹnì kan ní kíláàsì wa kọ Olúwatóbi sí JAMB, Olúwatóbilọ́ba ló wà lórí NIN rẹ̀. Ojú òpó náà kọ̀ ọ́ pátápátá. Ó dé ọ́fíìsì NIMC, ó dé ti JAMB, títí àkókò fi kọjá. Ọjọ́ ìbí náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ jókòó ti ọmọ lálẹ́ òní, kí ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú, kí ẹ kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí. Owó ilé-ìwé ń lọ sọ́dọ̀ ilé-ìwé. Ìkejì ni owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, tó ń bọ́ sí akáǹtì akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè gba èyí àkọ́kọ́ kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Sáà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ sì máa tún béèrè fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo títí dé ìparí.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Ilé-ìwé wa ní ẹni tí kò bá sanwó kí ọjọ́ báyìí tó pé ò ní ṣèdánwò. Owó ẹ̀yáwó ò tíì dé, màmá mi lọ gba owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a san án. Nígbà tó yá, mo rí i lórí ojú òpó NELFUND pé wọ́n ti sanwó fún ilé-ìwé lórúkọ mi. Ilé-ìwé ò sọ fún mi. Mo lọ sí ọ́fíìsì bọ́sárì, wọ́n ní kí n lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ní kí n padà sọ́dọ̀ bọ́sárì. Gbèsè wà lọ́rùn mi, owó wà lọ́wọ́ wọn, màmá mi sì ń san owó alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú èlé. Ìgbà tí gbogbo wa tọ́rọ̀ kàn kọ̀wé papọ̀, tá a so ẹ̀rí ìsanwó mọ́ ọn, ni wọ́n gbà láti fi owó náà san ti sáà tó tẹ̀lé e. A ò rí i gbà lọ́wọ́.

Síbẹ̀, láìsí i, mi ò ní dé 300 level. Àwa méjì la bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò wa, ẹnì kejì ò gbà á, ó ti padà sílé.

#5 BàbáÀgbà_Rẹ́jísítà

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́jísítà yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lọ́kàn mi púpọ̀.

Akínkanjú, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà tí o mú wá dára, àmọ́ parí ẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko ni èlé owó, ìdí nìyẹn tí ojú owó ò fi ń dín láé. Èyí kò ní èlé. Kọ́bọ̀ tí ọmọ bá san, ojú owó gan-an ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ọdún 1972, lábẹ́ Gowon, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin tó dá àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó jẹ nínú rẹ̀ wà láàyè, wọ́n ti di àgbààgbà nílùú. Ohun tó pa á ni pé owó jáde, kò padà wọlé. Nígbà náà, kò sí BVN, kò sí NIN, ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí tó sì kó lọ sí ìlú mìíràn, níbo lẹ ti máa rí i? Ní 1993, wọ́n tún ṣòfin báńkì ètò ẹ̀kọ́ láti rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí nǹkan gidi mú lọ sílé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì bóyá owó yìí á pẹ́, kì í ṣe ọ̀tá ìjọba, ìtàn ló kà.

Ìyáàfin, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìwé owó yẹn: ẹ ò rí "owó ẹ̀kọ́". Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ òfin òmìnira yunifásítì ti ọdún 2003 gbé agbára ńlá lé ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, àwọn ló sì ń fọwọ́ sí "owó iṣẹ́" lóríṣiríṣi. Orúkọ ló yí padà, àpò òbí ló ń gbẹ. Ẹ rántí UNILAG ní 2023: láti nǹkan bíi ₦19,000, owó fò sókè kọjá ₦100,000 fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì dín in kù díẹ̀. Ọdún yẹn náà ni òfin ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ jáde. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, nítorí owó iná mànàmáná àti dísẹ́ẹ̀lì ń pa ilé-ìwé lára lóòótọ́. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó ń gbé owó ilé-ìwé lé orí tábìlì ìgbìmọ̀ báyìí mọ̀ pé àpò kan wà tó lè sanwó, kódà bí òbí ò bá ní in.

#6 Àǹtí_Peckham

Ohun tí Bàbá sọ gbẹ̀yìn yẹn, ojú wa ló ṣe níbí. Mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni yunifásítì fún ọmọ onílùú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Ní 1998 wọ́n ní kí wọ́n máa san £1,000. Ní 2006 ó di £3,000. Ní 2012 ó di £9,000, lẹ́yìn náà £9,250, ó sì di £9,535 ní 2025. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yáwó wà." Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù keje ọdún 2023, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá lé ní £25,000 lọ́dún ni wọ́n á máa yọ, ó sì lè tó ogójì ọdún kí wọ́n tó fà á rẹ́. Èlé sì wà lórí tiwa. Ọmọ àbúrò mi ń san án lóṣooṣù, síbẹ̀ nígbà tó wo àkọsílẹ̀, gbèsè náà pọ̀ ju ìgbà tó gboyè lọ. Ẹkún ló sun.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Scotland tó bá ka oyè àkọ́kọ́ ní Scotland ò san owó ẹ̀kọ́ rárá. Ìjọba ibẹ̀ pinnu bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò ní kí Màmá Gbági má gbà á o. Ti Nàìjíríà tí kò ní èlé sàn ju tiwa lọ fíìfíì. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣọ́ iye owó ilé-ìwé lójú méjèèjì. Ibẹ̀ ni ogun wà.

#7 Olùkọ́_Pólì

Mò ń kọ́ ọmọ ní pólì ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí owó ti ń wá kún un, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Láti 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń san owó orí ètò ẹ̀kọ́ lórí èrè wọn. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó di méjì àbọ̀ ní 2021, ó di mẹ́ta ní 2023. TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ló ń pín owó náà. Ẹ wọ ọgbà yunifásítì, pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ èyíkéyìí tó jẹ́ ti ìjọba, ẹ wo ara ògiri: orúkọ TETFund lẹ máa rí lára gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, yàrá àyẹ̀wò, ilé ìkówèésí. Ní ẹ̀ka wa, àwọn ọmọ máa ń yí ẹ̀rọ kan ṣoṣo po, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn bí ẹni ń wo eégún. TETFund ló ra èyí tí wọ́n ń lò báyìí, àwọn mẹ́rin mẹ́rin ló ń jókòó tì í.

Nígbà tí àbá òfin owó orí tuntun jáde ní 2024, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá di ọdún 2030, gbogbo owó yẹn á kúrò lọ́dọ̀ TETFund, á lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yáwó. Èyí ló gbé ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, dìde, ẹgbẹ́ wa náà pariwo. Owó ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n fẹ́ sọ di gbèsè lọ́rùn ọmọ tó wà nínú ilé ọ̀hún. Òfin tí Ààrẹ wá fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, yàtọ̀. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni ilé-iṣẹ́ ń san báyìí. Ìdajì rẹ̀ dúró sọ́dọ̀ TETFund, NELFUND ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, àwọn àjọ mìíràn pín ìyókù. Ariwo ló ṣe é. Ká ní a dákẹ́ ni, ọdún 2030 ì bá bá wa lójijì.

Ohun tí mo rò nìyí, kì í ṣe ti ẹgbẹ́: ẹ̀yáwó dára bí wọ́n bá gbé e lé orí ilé-ìwé tí ìjọba ń tọ́jú. Bí wọ́n bá fi rọ́pò ìtọ́jú, jìbìtì ni.

#8 Ìyá_Ọ̀ṣun

Ẹ forí jì mí, ọmọ tèmi wà ní yunifásítì aládàáni. Ṣé àwa náà lè gbà á? Àbúrò rẹ̀ tún ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà.

#9 Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ìyá Ọ̀ṣun, rárá fún ti aládàáni. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló wà fún: yunifásítì, pólì, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Òfin 2024 fi kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún un, àmọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wẹ́dà lẹ́bàá títì.

ỌmọFásitì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ yẹn kì í ṣe tìẹ nìkan. Ní 2025, ẹ̀sùn pọ̀ débi pé ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ní ó ń gé nínú owó náà tàbí tí kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé owó ti dé. NELFUND fúnra rẹ̀ ní kí ilé-ìwé dá owó padà fún ẹni tó bá ti san tẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n fi san sáà tó tẹ̀lé e dípò kí wọ́n dá a padà fún yín, èmi ò rò pé ó bófin mu. Owó màmá ẹ ni.

#10 ÌyáAláṣọ_Gbági

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá rẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ní kí n béèrè méjì sí i. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ ń kọ́, ẹ sì mọ̀ pé gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ òkè òkun. Bó bá lọ ńkọ́? Èkejì, èló ni wọ́n á máa yọ gan-an? Ìdá mẹ́wàá dún ní etí rẹ̀.

#11 Olùkọ́_Pólì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti oṣù keje ọdún 2024 ni ₦70,000. Ẹni tó bá ń gba ìyẹn, ₦7,000 ni wọ́n á yọ. Kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà kejì. Náírà tí ọmọ yín gbà lónìí, á tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án, láìsí èlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ mọ iye tí ẹ ń ra ìgàn kan lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe ń gbówó lérí, iye tó máa san padà ò ní níyì tó iye tó gbà. Kò sí alájẹṣẹ́kù tàbí báńkì tó máa yá yín lówó lọ́nà yìí.

#12 Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Lórí òkè òkun: gbèsè náà ò pa rẹ́ nítorí pé ó wọ bàálù. Orúkọ rẹ̀, NIN àti BVN rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, á dára kó tètè san án kúrò, ó láǹfààní láti san kí àkókò tó tó.

#13 Akínkanjú_Ẹ̀gbá

Mo ti ka àlàyé gbogbo yín, mo sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ èlé tí Bàbá Àgbà sọ wọ̀ mí létí. Àmọ́ mo ṣì di ọ̀kan mú: bí ọmọ bá gbà á, kó gba owó ilé-ìwé nìkan. ₦20,000 lóṣù fún ọdún márùn-ún, bí a bá ní oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún, ₦900,000 nìyẹn. Oúnjẹ ni wọ́n máa fi jẹ. Bí òbí bá lè fi gàrí, èlùbọ́ àti epo ránṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́.

#14 ỌmọFásitì_300L

Ẹ̀gbọ́n Akínkanjú, mo gbọ́ yín, àmọ́ àwọn kan wà tí kò sẹ́ni tó máa fi gàrí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ò ní bàbá, kò ní ìyá. ₦20,000 yẹn ló fi ń jẹun, òun ló fi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi ìdánwò. Ẹ má jẹ́ ká bá àwọn yẹn wí.

#15 Akínkanjú_Ẹ̀gbá

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Irú wọn gan-an ló yẹ kó gbà á.

#16 ÌyáAláṣọ_Gbági

A ti fẹnu kò. Owó ilé-ìwé nìkan la máa gbà, oúnjẹ di tiwa. Ó forúkọ sílẹ̀ lánàá, a kọ́kọ́ ka orúkọ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ỌmọFásitì ṣe wí, ó bára mu. Wọ́n ní ó ń dúró de ìfọwọ́sí ilé-ìwé. Ẹ̀rù tó kù ni ti ọjọ́ ìdánwò tí owó ò bá tíì dé. Lọ́yà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà tó lè mú lọ bá bọ́sárì, kó má bàa jẹ́ pé èmi náà á sáré lọ yáwó, ká wá san án lẹ́ẹ̀mejì.

#17 Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ẹ kọ ọ́ báyìí, kó tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀:

"Sí Bọ́sárì. Èmi, (orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ̀ka), ti béèrè fún ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ NELFUND fún sáà yìí ní ọjọ́ báyìí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí n forúkọ sílẹ̀ kí n sì ṣèdánwò títí owó náà yóò fi dé. Bí ó bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí ní kíkọ, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé. Bí mo bá ti san owó kankan ṣáájú rẹ̀, mo ń béèrè pé kí ẹ dá a padà sínú akáǹtì tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Mo fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí NELFUND."

Kó rí i dájú pé ó fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí NELFUND lóòótọ́.